Bí Ọdẹ́jìnmí Ṣe Mú Ariwo Dé Ìlú Jẹ́jẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin àlejò. Ẹni tó bá ní ẹ̀pà lọ́wọ́, kó yáa jẹ ẹ́ tán nísinsìnyí, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa run nǹkan lẹ́bàá rẹ̀. Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, mo rí ọ o! Bí o bá mọ iye ẹfọ̀n tí ọwọ́ yìí ti dá dúró, o ò ní máa fi eyín hàn mí. Èmi ni mo bá ẹkùn pàdé lójú ọ̀nà tóóró tí ẹkùn wo ojú mi, tó yà sínú ìgbẹ́ fún mi. Mo ti sọ èyí fún yín rí, n ó sì tún máa sọ ọ́, nítorí ọjọ́ tí mo bá kú, kò dá mi lójú pé ẹ ó rántí.

Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe ti ìyangàn. Ìtàn ìtìjú ni. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbé e kiri bí ẹni tó ki ẹyin sápò, n kò lè jókòó dáadáa, n kò sì lè jù ú nù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí kálukú lè gba ilé rẹ̀ lọ.

Ọdẹ kan wà ní Agbọ́njú níbí, Ọdẹ́jìnmí lorúkọ rẹ̀. Èmi àti òun la jọ dàgbà. Ó ga, ó dúdú, kò ní aya, kò ní ọmọ, ìbọn rẹ̀ ni aya rẹ̀. Etí rẹ̀ mú débi pé bí òkété bá yí ẹ̀gbẹ́ padà nínú ihò, ó ti gbọ́. Etí tó mú yìí náà ló padà wá dà á láàmú. Lọ́jọ́ kan, ó yìnbọn pa abo ẹfọ̀n kan lẹ́bàá odò, kò mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ wà nínú koríko. Ọmọ ẹfọ̀n náà jáde, ó dúró ti òkú ìyá rẹ̀, ó ń ké. Ọdẹ́jìnmí kó ẹran rẹ̀ wálé, igbe náà sì bá a wálé. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti fi orí lélẹ̀ báyìí, ọmọ ẹfọ̀n á bẹ̀rẹ̀ sí í ké létí rẹ̀. Àgbọ̀nrín tó pa ní èṣí á gbè é, ìmàdò á gbè é, títí gbogbo ẹran tó ti pa láyé á fi pé jọ sínú agbárí rẹ̀. Odindi ọdún mẹ́ta ni ọkùnrin yìí kò fi sùn! Ojú rẹ̀ jìn wọnú, ó ń yìnbọn lu kùkùté pé ẹran ni. Gbogbo ewé tí a mọ̀ la já fún un, àrùn náà kò gbóògùn.

Nígbà tó sú u pátápátá, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó mú àdá lọ́wọ́. Ó ní, "Bí oorun kò bá wá bá mi nílé, èmi á lọ bá a níbi tó wà." Ó sì wọ igbó lọ.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ. Ọdẹ kì í wọ igbó tí kò mọ̀ láì sàmì. Bó bá ti ń lọ, á máa fi àdá ṣá igi tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, kó lè rí ọ̀nà padà. Ọdẹ kọ̀ọ̀kan ló sì ní bí tirẹ̀ ṣe rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ọdẹ́jìnmí máa ń ṣá tirẹ̀: méjì á dúró tira wọn, ìkẹta á dábùú. Kò sí ọdẹ Agbọ́njú tó máa rí àpá yẹn tí kò ní sọ pé, "Ẹ̀n-ẹ́n, Ọdẹ́jìnmí ti gba ibí kọjá." Ó ti mọ́ ọn lára débi pé ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe é, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní ọjọ́ keje, ó dé ẹnu igbó kan tí iwin kan ń ṣọ́. Etí kan ṣoṣo ni iwin náà ní, àárín orí ló hù sí, ó sì fẹ̀ tó ewé kókò. Iwin náà jókòó sórí ọ̀gán, ó ní, "Ọmọ ènìyàn, láti ìjẹta ni ẹsẹ̀ rẹ ti ń dí mi létí. Kí lò ń wá?"

"Oorun ni mò ń wá," ni Ọdẹ́jìnmí wí.

"N ó pa àlọ́ kan fún ọ. Bí o bá mọ̀ ọ́n, wàá kọjá. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, wàá kọjá náà, ṣùgbọ́n wàá rù ú lọ. Kí ni ọdẹ ń gbé bọ̀ láti igbó tí kò wọ̀ ọ́ lọ́rùn, tí gbogbo ìlú ń jẹ níbẹ̀ tí kì í tán, tó sì máa ń pa ohun tí ìbọn kò bà?"

Ọdẹ́jìnmí kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbá àyà gbì! Ó ní, "Orúkọ mi ni!"

Iwin náà rẹ́rìn-ín títí etí rẹ̀ fi ń mì lẹ́gẹlẹ̀gẹ. "Ó kù díẹ̀," ló wí. "Máa lọ. Nígbà tí o bá tún padà gba ibí, wàá ti mọ̀ ọ́n. Oorun rẹ wà ní erékùṣù kan láàárín òkun. Ìlú Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ìlú tó wà níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni ń lọ wò níbẹ̀, ohun tó sì mú un dára nìyẹn."

Ọdẹ́jìnmí dúpẹ́. Ó ṣá igi ẹnu igbó náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó kọjá.

Igbó tó wọ̀ tẹ̀lé e ni Igbó Asínnijẹ. Igi tó wà nínú igbó yìí, ohun tí o bá sọ ni wọ́n máa tún sọ, èyí ẹ̀yìn á sì pariwo ju ti iwájú lọ. Ọlọ́gbọ́n á dákẹ́. Ọdẹ́jìnmí ńkọ́? Bó ti wọ̀ ọ́ báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara rẹ̀: "Èmi Ọdẹ́jìnmí, ọmọ a-pẹfọ̀n-mọ́dìí-ìrókò!" Igi kan gbà á, igi kejì gbà á, ó di igi ẹgbẹ̀rún. Ó ní, "Ẹ dákẹ́!" Igi ẹgbẹ̀rún ní, "Ẹ dákẹ́!" Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, mo bẹ̀ yín!" Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣẹ́ wá létí rẹ̀. Nígbà tí ikú fẹ́ dé, ó ṣí fìlà lórí, ó kì í bọ ẹnu ara rẹ̀, ó sì gba àárín wọn kọjá bí ẹni tí wọ́n fi ẹran sí lẹ́nu. Ẹ rẹ́rìn-ín, mo gbà yín láyè. Ká ní ó gbàgbé fìlà yẹn sẹ́nu títí tó fi padà délé ni, ìtàn mi ì bá ti tán, ojú kì bá sì tì mí níwájú yín.

Ó dé etí òkun. Ọkọ̀ kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò sí ẹni tó ni ín. Bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá dákẹ́, àjẹ̀ á máa tu ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Bó bá ti sọ̀rọ̀, àjẹ̀ á dúró, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ọdẹ́jìnmí jókòó, fìlà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ní agbami, ẹja kan tó tó ilé yọrí, ó bú u, ó bú bàbá tó bí i, ó ní ìbọn rẹ̀ kò lè pa eṣinṣin. Ojú Ọdẹ́jìnmí pọ́n, iṣan ọrùn rẹ̀ le, ṣùgbọ́n fìlà dí ẹnu. Nígbà tó sú ẹja, ó rì padà. Bí ọkọ̀ ti gúnlẹ̀, ohun tí Ọdẹ́jìnmí kọ́kọ́ ṣe ni pé ó gé ọ̀pá gígùn kan, ó ya lára aṣọ ọdẹ rẹ̀ tó pupa, ó so ó mọ́ ọn lórí, ó rì í mọ́ iyanrìn, nítorí kò sí igi tó lè ṣá lórí omi. Téèyàn bá wà lókèèrè réré, ó máa rí i.

Ìlú Jẹ́jẹ́ kò ju ogún ilé lọ. Iyanrìn rẹ̀ funfun, igi àgbọn tẹrí síhà òkun, ọkọ̀ ẹja dojú délẹ̀ sábẹ́ ìbòòji. Kò sí ẹni tó ń kiri ọjà, kò sí ẹni tó sáré pàdé àlejò pé wá sùn lọ́dọ̀ mi, wá ra tèmi. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó ń tún àwọ̀n ṣe gbójú sókè, wọ́n mi orí sí i, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Adìẹ ìlú náà gan-an, jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń fẹsẹ̀ walẹ̀.

Ìyá àgbà kan jáde láti inú ilé tó kángun sí omi. Ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi àgbọn, ó gbé ẹja sísun àti àgbọn tútù wá, ó bu omi tì í. Kò bi í léèrè ibi tó ti wá, nítorí àṣà wọn ni pé àlejò kì í rojọ́ kó tó jẹun. Ìyá Omílànà ni wọ́n ń pè é.

Ọdẹ́jìnmí yọ fìlà lẹ́nu. "Ẹ ṣé, Ìyá. Ẹ gbọ́ ná, èmi ni Ọdẹ́jìnmí, ọmọ a-pẹfọ̀n..."

"Àlejò," ni ìyá náà wí, ohùn rẹ̀ rọ̀, "jẹun ná. Ẹja yẹn á tutù."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Ọdẹ́jìnmí gé oríkì ara rẹ̀ sí méjì, ó sì jẹun.

Nígbà tí oòrùn ń lọ sí ilé rẹ̀, gbogbo ìlú jáde lọ sí etí omi, àgbà àti ọmọdé. Wọ́n jókòó sórí iyanrìn, kò sí ẹni tó húkọ́. Ọdẹ́jìnmí jókòó ti ìyá náà. Ìgbì omi nìkan ló kọ́kọ́ ń gbọ́. Nígbà tó ṣe, etí rẹ̀ tó mú gbé ohun kan lábẹ́ ìgbì: ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ó tín-ín-rín, ó jìnnà.

"Ìyá, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, ọmọ mi," ni Ìyá Omílànà dáhùn. "Ìwọ ńkọ́?"

"Mo ti jẹ."

Ó parí. Lápá ọ̀tún, ọkùnrin kan ń bá aya rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lápá òsì, ọmọ kékeré kan ń fi eyín rẹ̀ tó yọ han bàbá rẹ̀, bàbá náà sì ń rẹ́rìn-ín láti inú omi.

"Ọdún kẹfà rèé tí omi ti gbé Omílànà ọmọ mi," ni ìyá náà sọ fún un nígbà tí wọ́n ń padà sílé. "Ọkọ̀ wọn ló dojú dé. A kò rí òkú rẹ̀ sin. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ń wọ̀, á bi mí bóyá mo ti jẹun. Kò sọ ohun mìíràn rí, èmi náà kò sì fẹ́ ohun mìíràn. Òun ni mo fi ń gbó, àlejò. Ohùn wọn kò lágbára. Ẹni kan ṣoṣo tó bá pariwo ti tó láti bò ó mọ́lẹ̀. Ìdí tí o fi rí wa tí a ń rọra nìyẹn."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Ọdẹ́jìnmí fi orí lé ẹní, ó ń retí ọmọ ẹfọ̀n. Ọmọ ẹfọ̀n kò ké. Ó sùn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi sùn, àwọn ará ìlú sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ó lo oṣù méjì lọ́dọ̀ wọn, ara rẹ̀ bọ̀ sípò. Lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ, ìyá náà di ẹja gbígbẹ fún un. Ó ní, "Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́, àlejò. Má fi wá ṣe ìtàn."

"Ìyá! Èmi kẹ̀?" Ọdẹ́jìnmí gbé ìbọn sókè, ó fi ahọ́n kan irin rẹ̀, èyí tó jẹ́ ìbúra tó le jù lọ láàárín àwa ọdẹ. "Bí mo bá sọ ọ́, kí irin yìí dá mi lẹ́jọ́."

"N kò ní kí o búra," ni ìyá náà wí. "Ṣáà máa pa ẹnu mọ́."

Ọdẹ́jìnmí délé, ó sanra, ojú rẹ̀ mọ́ gaara. Ẹ ó sì gbà pé ó gbìyànjú, nítorí oṣù kan kọjá, kò wí fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ ìpàdé ọdẹ wá pé. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, kálukú ń dìde, ó ń ka ohun tó pa. Ó wá kan Ọdẹ́jìnmí. Ó ní òun kò pa nǹkan kan. Ọdẹ kan wà níbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ẹ má bi mí lórúkọ rẹ̀ ná. Ọdẹ yìí sọ pé, "Ẹ rí ọdẹ o! Ó wọ igbó fún odindi oṣù mẹ́rin, òkété kan kò bá a bọ̀. Bóyá ilé obìnrin kan ló farapamọ́ sí tó ń jẹ iyán!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ọdẹ́jìnmí mu ẹmu igbá kan, ó gbé e mì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó wà lọ́fun rẹ̀. Ó mu igbá kejì. Ọdẹ yẹn tún ní, "Ẹ bu iyán sí i fún un o!" Ni Ọdẹ́jìnmí bá fò dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin aláìmọ̀kan! Èmi ti dé ibi tí bàbá yín kò dé! Èmi ti gbọ́ kí òkú máa bá alààyè sọ̀rọ̀ létí òkun!" Ó sọ ọ́ o, ó sọ ti iwin, ó sọ ti ẹja, ó sọ ti erékùṣù, ó sọ ti oorun ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo wọn la ẹnu sílẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nígbà tó jókòó, ó sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "N kò ṣáà júwe ọ̀nà fún wọn." Ó fi ìyẹn tu ara rẹ̀ nínú.

Ọ̀nà wo ló tún fẹ́ júwe? Ta ni kò mọ àpá àdá Ọdẹ́jìnmí?

Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ọdẹ elẹ́nu yẹn ti ń tọ igi lọ, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Ó bọ̀, ó ní òótọ́ ni. Àwọn tí kò róorun sùn lọ. Àwọn tó ń sùn dáadáa náà lọ, pé kí wọ́n má baà sọ pé àwọn kò débẹ̀. Àwọn olówò rí èrò, wọ́n tẹ̀lé èrò. Ẹni tó bá ti lè gbẹ́ igi ló gbẹ́ ọkọ̀, wọn kò nílò èyí tí ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́. Aṣọ pupa tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí ọ̀pá ni wọ́n ń wò bọ̀ tààrà. Ọdẹ́jìnmí ṣì lè mú àdá nígbà náà kó lọ fá àwọn àpá yẹn kúrò. Kò lọ. Bó bá ń kọjá lójú pópó, wọ́n á ní, "Ọdẹ́jìnmí tó lànà fún wa!" ó sì máa ń dùn mọ́ ọn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún mi, ó gbójú sílẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́.

Ọdún kan kọjá báyìí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó fi orí lélẹ̀, kò gbọ́ ọmọ ẹfọ̀n. Ohùn jẹ́jẹ́ kan ló gbọ́: "N kò ní kí o búra. Ṣáà máa pa ẹnu mọ́." Oorun dá lójú rẹ̀. Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó gbé ìbọn, ó mú ọ̀nà òkun pọ̀n.

Ọ̀nà náà ti là bí ọ̀nà ọjà. Ní ẹnu igbó àkọ́kọ́, ó bá iwin elétí kan ṣoṣo yẹn, ó ti fi amọ̀ dí etí ọ̀hún bámúbámú. Iwin náà wò ó, ó ní, "Ṣé o ti mọ̀ ọ́n báyìí?"

"Ìròyìn ni," ni Ọdẹ́jìnmí wí.

"Kí lo wí? N kò gbọ́," ni iwin náà dáhùn, ó sì kẹ̀yìn sí i.

Igi inú Igbó Asínnijẹ kò mọ ti ẹni tí wọ́n máa tún sọ mọ́. Wọ́n ń ná ọjà, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń sunkún bí ọmọ tó sọnù lójà. Nígbà tó dé etí òkun Ìlú Jẹ́jẹ́, àtíbàbà ti kún gbogbo iyanrìn. Wọ́n ń dín àkàrà, wọ́n ń jà nítorí ibi ìjókòó, wọ́n ń jó. Àwọn kan dúró sínú omi dé orúnkún, wọ́n ń ké pe òkú ìlú tiwọn tí kò kú sómi rárá. Ọkùnrin kan ń lu agogo kẹ̀ǹkẹ̀ kẹ̀ǹkẹ̀, ó ń kígbe pé, "Ẹ wá gbọ́ òkú tí ń sọ̀rọ̀ o! Ẹ wá o!" Láàárín gbogbo wọn ni ọ̀pá Ọdẹ́jìnmí wà, aṣọ rẹ̀ ti ṣá.

Ó wá Ìyá Omílànà lọ. Ó bá a lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ti gbẹ, aṣọ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ọdẹ́jìnmí dojú bolẹ̀.

"Ìyá, èmi ni."

"Mo mọ̀," ni ìyá náà wí. "Dìde." Ó wọlé, ó mú ẹní wá, ó tẹ́ ẹ. Ó gbé ẹja sísun àti àgbọn wá, ó bu omi tì í. Kò bi í léèrè ohunkóhun. Ọdẹ́jìnmí sọ fún mi pé ká ní ìyá yẹn bú òun ni, ká ní ó gbá òun létí, òun ì bá lè gbé e mì. Ṣùgbọ́n ẹja yẹn! Ó ní òkò lòun ń jẹ. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, àmọ́ ikú kò sí nítòsí.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ìyá náà dìde. "Ọdẹ ni ọ́," ló wí, "etí rẹ mú. Bá mi wá, kí o bá mi gbọ́. Oṣù keje rèé tí n kò ti gbọ́ ohùn ọmọ mi."

Wọ́n rí ibi kékeré kan jókòó sí láàárín èrò. Ọdẹ́jìnmí di ojú, ó na etí rẹ̀ sómi bó ṣe máa ń nà án sí ẹran tó sá pamọ́. Ariwo, agogo, ìgbì. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, fíntín-fíntín, ó gbọ́ ọ.

"Ìyá, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Ó ti ń sọ̀rọ̀," ni Ọdẹ́jìnmí wí. "Ó ní ṣé ẹ ti jẹun."

"Mo ti jẹun, ọmọ mi!" ni ìyá náà wí. Agogo bò ó mọ́lẹ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Ó tún ń bi yín."

"Mo ti jẹun o! Omílànà, mo ti jẹun!" Ìyá tí kò gbóhùn sókè rí láyé rẹ̀, ó ń kígbe títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwọn tó wà nítòsí bojú wẹ̀yìn, wọ́n rò pé ó ń ṣeré fún àwọn ni, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Ohùn náà tún dé: "Ìyá, ṣé ẹ kò sí nílé ni?"

"Kí ló wí?" Ìyá Omílànà di ọwọ́ Ọdẹ́jìnmí mú. "Àlejò, kí lọmọ mi wí? Ṣé ó gbọ́ mi?"

Ọdẹ́jìnmí kò mọ ìgbà tó dìde, kò mọ ìgbà tó gbé ìbọn. Ó kọ ẹnu ìbọn sókè, ó fà á. Gbòlà!

Èrò tú! Àtíbàbà ń wó, àkàrà ń dà sílẹ̀, ẹni tó bọ́ sọ́kọ̀ tirẹ̀ bọ́ sí i, ẹni tó bọ́ sí ti ẹlòmíràn kò bẹ̀ ẹ́. Oòrùn kò tíì wọ̀ tán tí etí òkun fi ṣófo. Ìdákẹ́jẹ́ padà dé, bó ṣe wà láyé àtijọ́. Àwọn ará ìlú ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú ilé wọn, wọ́n ń jókòó sórí iyanrìn. Ọdẹ́jìnmí yíjú sí ìyá náà, ẹ̀rín fẹ́ yọ lójú rẹ̀, ó rò pé òun ti tún un ṣe.

Ẹ̀yin ọdẹ tó wà níbí, ẹ ti mọ̀ ọ́n, mo rí i lójú yín. Ta ló ń yìnbọn láti fi pe ẹran? Bí ìbọn bá dún sínú igbó, kí lẹran ibẹ̀ máa ń ṣe?

Wọ́n jókòó títí. Ìgbì nìkan. Kò sí Omílànà, kò sí ọkọ ẹnìkan, kò sí bàbá ọmọ tó ń yọ eyín. Wọ́n jáde lọ́jọ́ kejì, wọ́n jáde lọ́jọ́ keje, wọ́n jáde títí oṣù fi lé. Omi ṣáà ń fọ iyanrìn. Ìbọn náà kò ba nǹkan kan o, òfuurufú ló yìn ín sí. Ìròyìn ti ṣe àbọ̀ iṣẹ́, ìbọn parí rẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ gbogbo èyí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n sinmi. Ọdẹ elẹ́nu tó ní kí wọ́n bu iyán fún Ọdẹ́jìnmí, èmi ni. Ẹni tó kọ́kọ́ tọ igi lọ, èmi ni. Agogo tí ń dún létí omi lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ yìí ló ń lù ú, ọwọ́ tí mo fi ń yangàn fún yín nígbà tí ẹ jókòó. Mo wà lára àwọn tó sá wọ ọkọ̀ olọ́kọ̀.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi sá fún ìtìjú náà. Lẹ́yìn rẹ̀, mo mú àdá, mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé wa níbí, mo fá àpá ara igi kọ̀ọ̀kan kúrò, títí dé etí òkun. Mo jókòó sínú ọkọ̀ tí kò fẹ́ ọ̀rọ̀, n kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ. Mo fẹ́ lọ fa ọ̀pá yẹn tu. Mo bá a pé wọ́n ti fà á tu. Ọdẹ́jìnmí ló fà á. Kò padà sí Agbọ́njú mọ́. Ó ti ju ìbọn sómi, àwọ̀n ló ń tún ṣe. Àwọn ará ìlú náà mi orí sí mi, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Ìyá Omílànà tẹ́ ẹní fún mi, ó gbé ẹja wá. Mo jẹ ẹ́. Òótọ́ ni Ọdẹ́jìnmí sọ, òkò ni.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, mo rí ìyá náà tó jáde lọ sétí omi. Ọdẹ́jìnmí tẹ̀lé e, ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀. Omi kò sọ nǹkan kan. Ni Ọdẹ́jìnmí bá rọra ní, "Ìyá, ṣé ẹ ti jẹun?"

Ìyá náà kò bojú wẹ̀yìn. Ó ń wo omi.

"Mo ti jẹun, àlejò," ló wí.

Ọdẹ́jìnmí sọ fún mi pé bí ìyá náà ṣe ń dá òun lóhùn lójoojúmọ́ nìyẹn.

Ìyá yẹn ní kí a má fi àwọn ṣe ìtàn. Kí wá ni mo ti ń ṣe láti ìgbà tí ẹ ti jókòó? Ẹ rí i bí ẹnu èmi náà ṣe rí. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí lọ́nà ibẹ̀, igi tí mo fá kò ní sọ fún yín. Ẹ dìde o. Ẹ rọra gbé àpótí yín. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ṣì wà láyé, kó lọ bá a nílé, kó bi í bóyá ó ti jẹun, kó sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀.